Fíláàṣì Tó Ṣófo

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Ọ̀gá Kékeré ti kéde rẹ̀, kò sí àyípadà mọ́: ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí ni Àpótí Ohùn tuntun, ètò kọ̀ǹpútà wa, máa jáde. Gbogbo ojú ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ ni mo ní láti tún kà kó tó di ọjọ́ náà. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n, èmi nìkan sì ni. Kí n má béèrè ta ló rán mi níṣẹ́, torí èmi ni mo rán ara mi.

Ọ̀gá Kékeré kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, Mà ló sì ń pè mí, ṣùgbọ́n òun ló kọ kọ́òdù ètò náà, àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tó fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba ohùn èèyàn sílẹ̀, kó tò ó, kó sì rí i nígbà tó bá wá a. Èmi ò mọ kọ́òdù kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ̀wé ní kóòtù. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé bí gbólóhùn kan bá ní ìtumọ̀ méjì, ẹnìkan lè tìtorí ẹ̀ sùn sẹ́wọ̀n. Ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà mí.

Òfin mi kò yí padà. Kò sí ojú ìwé tó ń jáde tí ẹ̀gbọ́n mi ò bá kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Aránṣọ ni, kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Á jókòó, á máa kà á sókè, á máa tẹ̀ ẹ́, èmi á bu omi sẹ́nu, kí n má baà lè sọ pé "rárá, apá ọ̀tún." Bí mo bá fi lè gbé omi náà mì, ojú ìwé yẹn ò tíì dáa. A ṣe mẹ́rin lónìí. Mo gbé omi mì lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Ojú ìwé méje. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí, ó sì ti kéré sí i, ẹni tó ń tà á ní bákan náà ló rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Lẹ́tà kan wà lójú pátákó ìbéèrè wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí. Mo dà á kọ síbí torí mi ò lè gbàgbé rẹ̀:

"Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Láti ọdún méjì ni mo ti ń ti ilé dé ilé, mo ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà àdúgbò wa sílẹ̀: iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ẹni tí wọ́n fẹ́, bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n wà. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Mẹ́sàn-án nínú wọn ti kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mànàmáná ba kọ̀ǹpútà mi jẹ́. Ọkàn mi balẹ̀, torí gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń ṣe ẹ̀dà sórí fíláàṣì bí ìwé yín ṣe wí, kọ̀ǹpútà á sì sọ pé ó ti parí. Mo ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Mo ki fíláàṣì náà bọ̀ ọ́ kí n lè mú ohùn wọn padà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n wà?"

Ojú ìwé kejìdínlógún ló ń sọ. Èmi ni mo kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mo dán an wò fúnra mi. Fíláàṣì mi, kọ̀ǹpútà mi, ojú ìwé kejìdínlógún láti ìlà kìíní dé ìlà ìkẹyìn. Ẹ̀dà wà níbẹ̀ pérépéré. Mo pa ohùn rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo mú un padà láti orí fíláàṣì, ó padà. Mo mí kanlẹ̀.

Ìgbà náà ni mo dá Olùkọ́ lóhùn. Orúkọ ètò náà la máa ń fi dáhùn lórí pátákó, òun ni mo sì lò: "Ẹ kú ìrọ́jú. A ti dán ojú ìwé náà wò, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fo ìlà kan." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi í ránṣẹ́. Ó dùn létí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Kò dùn mọ́. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, èmi ni mo sọ fún pé kó lọ tún ìwé kà.

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń lọ aṣọ, ó ní òun ò ráyè jókòó, kí n ṣe é fúnra mi. Mo tú báàgì, fíláàṣì mi ò sí níbẹ̀, mo ti fi í sílẹ̀ lórí tábìlì nílé. Mo bọ́ sí ìta, mo ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta nǹkan fóònù ní òdìkejì ọ̀nà, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo tẹ̀ lé ojú ìwé mi. Mo tẹ bọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà ní ó ti parí.

Mo ṣí fíláàṣì náà. Ó ṣófo.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti parí. Ó ṣófo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?" Mi ò lè dáhùn, kò sì sí omi lẹ́nu mi.

Mo pe Ọ̀gá Kékeré lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Mà, ṣé fódà wà nínú fíláàṣì tuntun yẹn?"

"Fódà wo?"

"Fódà tó ń jẹ́ Ẹ̀dà. Mo ṣe é sínú èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín nígbà tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ètò náà ò ní rí ibi tó máa kó nǹkan sí."

"Ẹ sọ fún mi rí?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni, Mà. Gbogbo èèyàn ló..." Kò parí rẹ̀.

Fíláàṣì kan ṣoṣo ni mo ti ń lò láti oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Òun náà ni ẹ̀gbọ́n mi lò nígbà tó dán ojú ìwé yẹn wò, tí mo bu omi sẹ́nu, tí inú mi ń dùn pé mi ò gbé e mì. Mi ò kọ ìlà kan pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fódà, torí mi ò mọ̀ pé ẹnìkan ti ṣe é fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Ọ̀gá Kékeré ti kọ̀wé sí Olùkọ́ lójú gbogbo ayé: "Àṣìṣe wà nínú kọ́òdù wa. Ó yẹ kí ètò náà pariwo pé kò rí fódà, dípò kó sọ pé ó ti parí. Ẹ forí jì wá. Ẹ má tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn mọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ nǹkan jáde nínú rẹ̀."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò dárúkọ ojú ìwé mi rárá. Mo dúpẹ́ nínú ara mi, ojú sì tì mí pé mo dúpẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n ti ṣí ojú ìwé kejìdínlógún ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ. Àwọn wo? A ò mọ̀. Ètò wa kì í gba àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni, kì í tọ pinpin ẹnikẹ́ni, èmi gan-an ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ bí ohun tí a fi ń yangàn. Ní báyìí, ẹgbẹ̀rún èèyàn lè wà níbì kan tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnì lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n ń sùn dáadáa. Kí kọ̀ǹpútà ẹnìkan nínú wọn ṣáà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti Olùkọ́ nìyẹn.

Ìkìlọ̀ ni a máa gbé sójú ìwé àkọ́kọ́. Ọ̀gá Kékeré kọ tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà ètò, ó sọ kalẹ̀ dé orí bí wọ́n ṣe ń kọ fáìlì. Mo ní rárá. Ó ní ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Mo ní ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ kò fẹ́ mọ bó ṣe rí, ohun tó máa ṣe ló fẹ́ mọ̀. A fà á títí ó fi ní, "Ó dáa, Mà, ẹ gbà á." Ìgbà mọ́kànlá ni mo kọ ọ́, ó sì wá ku èyí:

"Ẹ dúró. Ẹ ṣí fíláàṣì yín nísinsìnyí, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó. Bí ẹ ò bá rí ohùn kankan nínú rẹ̀, ẹ ò ní ẹ̀dà, kódà bí kọ̀ǹpútà bá ti sọ pé ó ti parí."

Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ kúkurú: ó ti gbé kọ̀ǹpútà náà lọ fún alátùn-únṣe kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni onítọ̀hún ní òun máa lò. Kò ṣèlérí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ẹni méjì ti kọ̀wé pé fíláàṣì àwọn náà ṣófo. Kọ̀ǹpútà wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ẹni méjì nínú ẹgbẹ̀rún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ojú ìwé kejìdínlógún tuntun. Fíláàṣì tuntun nínú ọ̀rá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ òfin mìíràn: kò sí ohun tí a ti lò rí tí a máa fi dán nǹkan wò mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, mo bu omi sẹ́nu. Ìlà kìíní, ìkejì, ìkẹta, ó ń lọ geere. Ó dé ìkẹrin: "Ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́ kó ẹ̀dà sí." Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí.

"Ibi tí mo fẹ́ kẹ̀? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo fẹ́."

Ẹ̀rín gbá mi mú, omi sì tú jáde lẹ́nu mi sórí apá aṣọ oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán. Ó bú mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, ó dárúkọ gbogbo nǹkan tí mo ti bà jẹ́ fún un láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé, títí kan bàtà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Ibi wo?" Òótọ́ ló sọ. Mo tún un kọ: "Ẹ tẹ orúkọ fíláàṣì yín." Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù, ojú ìwé mẹ́tàlá ló ṣì wà nílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Olùkọ́ béèrè lórí pátákó, ìlà kan péré: "Ta ló kọ ojú ìwé kejìdínlógún?"

Mo wà níwájú kọ̀ǹpútà nígbà tó wọlé. Mo gbé ọwọ́ sórí bọ́tìnì, mo gbé e kúrò. Kó tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọ̀gá Kékeré ti dáhùn: "Gbogbo wa la jọ kọ ọ́." Ó rò pé òun ń gbà mí sílẹ̀ ni. Mo sì jẹ́ kó gbà mí sílẹ̀. Mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Mi ò jẹun dáadáa láti ọjọ́ mẹ́rin, ọkọ mi wá béèrè ohun tó ń jẹ mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọ̀fẹ́ ni o ń ṣe é. Ta ló ń bá ẹni tó ń ṣe ọ̀fẹ́ wí? Ọmọkùnrin yẹn ti ní kọ́òdù ni. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó fẹ́ràn mi, ìdí tó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́ ọ, ó tù mí lára títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ gbé ojú sókè lára ẹ̀rọ ìránṣọ. "Olùkọ́ yẹn ń rò pé òun fo ìlà kan," ló sọ. "O ní kó tún un kà, àbí? Ó ti kà á, kò sì rí ìlà tó fò. Ó máa máa rò ó lórí ibùsùn pé ọwọ́ òun ló pa ohùn àwọn òkú yẹn."

"Ọ̀gá Kékeré ti sọ fún un pé kọ́òdù ni."

"Kọ́òdù," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣé ó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ́òdù ju bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n lọ?"

Mo bínú, mo ní kó máa rán aṣọ rẹ̀. Mo bínú sí i títí mo fi délé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Alátùn-únṣe ti parí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú mẹ́tàlélógójì ló rí yọ. Méjìlá ti lọ.

Olùkọ́ kọ àwọn méjìlá náà sórí pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi ìbínú kankan kún un, ohun tí kálukú wọ́n jẹ́ nìkan ló kọ. Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí Olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tún aago ṣe. Ọkùnrin tó wa ọkọ̀ ojú irin. Ìyàwó rẹ̀. Ó fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ti kú nínú wọn. Mẹ́rin ni. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́rin náà: "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú."

Mo sunkún. Mi ò ní tún un pè ní nǹkan mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Iṣẹ́ kóòtù ti kọ́ mi pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ́wọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú ọjọ́. Mo kọ ọ́ láàárọ̀ kí n tó fọ ẹnu, lójú pátákó kan náà tí mo ti ní kó tún ìwé kà, orúkọ ara mi ni mo sì lò:

"Olùkọ́, èmi ni mo kọ ojú ìwé kejìdínlógún. Ẹ ò fo ìlà kankan. Ìlà tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni mi ò kọ, torí fíláàṣì kan ṣoṣo ni mo fi dán an wò, ẹnìkan sì ti ṣe fódà sínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi. Èmi náà ni mo ní kí ẹ tún un kà. Nígbà tí ẹ béèrè ẹni tó kọ ọ́, mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan. Èmi ni mo ṣe é, mo sì bẹ̀ yín."

Mo fi í ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Kò sí èsì. Ọ̀gá Kékeré pè: "Mà, ẹ ò bá má ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́òdù ni." Mo ní kó kọ kọ́òdù rẹ̀, kí n kọ ìwé mi. Ó ní, "Ó yẹ kí n ti sọ fún yín nípa fódà yẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ. Ó ti tún ètò náà ṣe: ó ń ṣe fódà fúnra rẹ̀ báyìí, bí kò bá sì rí ibi tó máa kó nǹkan sí, á kọ ọ́ ní lẹ́tà pupa.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Kò sí èsì. Àwọn mẹ́rin mìíràn ti rí ìkìlọ̀ náà. Ojú ìwé méjì ló kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀n ọjọ́

Ó jáde ní ọ̀sán. Mọ́kànlélógójì pé. Àwọn èèyàn ń kí wa láti ibi gbogbo, ẹnìkan tiẹ̀ kọ ọ́ pé òun ò rí ìwé ìtọ́nisọ́nà tó yé òun tó báyìí rí. Ká ní ìgbà mìíràn ni, ǹ bá ti ka èyí fún gbogbo ilé. Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí èsì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù keje

Èsì ti dé. Kò sí lórí pátákó, èmi nìkan ló kọ ọ́ sí:

"Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Orúkọ yín wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Mo béèrè kí n lè mọ̀ bóyá ẹ máa sọ ọ́ ni. Ó pẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́.

"Mi ò tíì dárí jì yín, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ nínú àwọn méjìlá náà ṣì wà láàyè, wọ́n sì ti gbà pé kí n tún wá. Agbẹ̀bí ni mo máa kọ́kọ́ lọ bá, lọ́jọ́ Ajé. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni.

"Mo ti ka ojú ìwé kejìdínlógún tuntun. Ó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìlà kẹsàn-án kò yé mi. Ẹ jẹ́ kó yé mi kó tó di ọjọ́ Ajé."

Mo ti gbàgbé pé orúkọ wà níbẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa fi orúkọ ẹni tó kọ ìwé sísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi kó ti ṣọ́ọ̀bù kó sì máa bọ̀, mo ti ra fíláàṣì mìíràn. Mo ka ìlà kẹsàn-án sókè. Òótọ́ ni, kò yé.